Agbaṣẹ́ṣe ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la, òjò sì ń wọlé: Kí lẹ fẹ́ ṣe?

Nígbà tí atẹ́gùn oṣù kẹrin ṣí páànù ilé ìyá mi ní Pleasure, ọ̀nà Ìyànà Ìpájà sí Abúlé Ẹ̀gbá, a dúpẹ́ pé wọ́n ti fi ilé náà sí ìnṣọ́ránsì. Ilé iṣẹ́ adójútòfò rán èèyàn wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì sanwó. Àṣé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Agbaṣẹ́ṣe tá a gbéṣẹ́ fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa lò. Ó gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó iṣẹ́, ó já sílíìnì lulẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Bá a bá pè é, á ní, "Mo ti dé Ìyànà Ìpájà, mò ń bọ̀." Títí oṣù keje fi wọlé, abẹ́ tapólì ni ìyá àgbà ń sùn, ikọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó. Ògiri tó bá rin máa ń bu, á ní àmì dúdú dúdú lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ lọ́dún 2009 pé irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń fa ikọ́, ó sì máa ń jẹ́ kí ikọ́ fée le sí i. Ọmọdé àti arúgbó ló sì máa ń kọ́kọ́ rí i. Ká má tíì sọ ti ilẹ̀ tó ń yọ̀ àti wáyà iná tómi kán sí. Bí sílíìnì ilé àtijọ́ bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ níbi tí ọmọ wà, eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa parí, irú páànù àti igi tí wọ́n máa lò, àti iye tí wọ́n máa yọ bí wọ́n bá pẹ́. Ẹ má ṣe sanwó tán. Ẹ san díẹ̀ fún ohun èlò, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ tún san díẹ̀ nígbà tí òrùlé bá parí. Ẹ di ìdá kan nínú mẹ́wàá mú títí òjò ńlá kan yóò fi rọ̀ lé e lórí. Òrùlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà wáyà iná, kó tó kan sílíìnì àti ọ̀dà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ máa ya fọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà mìíràn, owó ni kò tó. Bí ilé tí wọ́n máa fi mílíọ̀nù 20 náírà tún kọ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù 10 lẹ kọ sínú ìwé ìnṣọ́ránsì, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè san ìdajì òfò náà péré. Ẹ tún má gbàgbé pé láti oṣù kìíní ọdún 2013 ni àjọ NAICOM ti fòfin dè é pé kí ilé iṣẹ́ adójútòfò má dójú òfò ẹni tí kò tíì sanwó.

Bí agbaṣẹ́ṣe bá ń fi yín ṣeré, ẹ kọ lẹ́tà sí i, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ fún un. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ adójútòfò ló mú un wá, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Bí àwọn náà bá dákẹ́, ẹ gba NAICOM lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú un, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 máa ń báni parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kóòtù àwọn ẹjọ́ owó kékeré tí wọ́n ṣí l'Ékòó lọ́dún 2018 náà wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ.

Ní tiwa, ìdá kan tó kù lọ́wọ́ wa ló mú ọkùnrin náà padà wá lẹ́yìn lẹ́tà. Ká ní ìdajì la dì mú ni, ìyá ì bá má wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ara yín le kẹ́ ẹ tó rí ẹwà náà.