Ìrìnàjò sí Àgbàdárìgì: Kí ló kan ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun, yanrìn àti igi àgbọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò nílò físà. Àgbàdárìgì, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Badagry, wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Láti Ọ̀yọ́, ẹ ó gba Ìbàdàn dé Èkó, ẹ ó wá wọ ọkọ̀ míì ní Mile 2. Ẹ tètè jí o, torí ìdádúró pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Ìlú náà tutù, kò sí ariwo bíi ti Èkó. Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni ín, Akran sì ni oyè ọba wọn. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́, oòrùn ń dán lójú omi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn káàkiri, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìlú yìí kọjá fàájì.

Ní ilé tí Sẹ̀ríkí Abass ti ń kó ẹrú pa mọ́, afinimọ̀nà wa sọ pé agboòrùn kan ni wọ́n fi ń ra ẹrú 40. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó wọn sọdá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fù, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, wọ́n ní ẹni tó bá mu omi rẹ̀ á gbàgbé ilé. Àwa náà rìn ín. Ẹsẹ̀ ń rì sínú yanrìn, oòrùn ń pa wá, bẹ́ẹ̀ omi wà lọ́wọ́ wa, a sì mọ̀ pé a máa padà sílé.

Níbo ni Ọ̀yọ́ ti wọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé lágbára, ó wà lára àwọn tó ń kó ẹrú lọ tà létíkun, pàápàá ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ìjọba náà wá fọ́, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn di ọjà. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà lára wọn. Wọ́n mú un ní 1821, wọ́n tà á ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822. Òun ló di Samuel Ajayi Crowther. Ní 1845 ó dé Àgbàdárìgì gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845 kan náà, ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta ìrántí ibi ìdí igi Àgíà, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Àgbàdárìgì ni Thomas Jefferson Bowen gúnlẹ̀ sí ní 1850, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Orúkọ rẹ̀ náà ló wà lára ilé ìwòsàn Bowen tí ẹ ń kọjá lójoojúmọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi láìsí life jacket. Ẹ má sì lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, ìgbì rẹ̀ le. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn nínú yanrìn yẹn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn ará ilé wa wà nínú àwọn tó tà, wọ́n sì wà nínú àwọn tí wọ́n tà.