Àrọ́pò Olùtúmọ̀ Àṣẹ lórí DOS

Olùtúmọ̀ àṣẹ ni ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń gba àṣẹ tí òǹlò bá tẹ̀, tí ó sì ń mú un ṣẹ. Lórí DOS, tí ó bá kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní 1981, COMMAND.COM ni orúkọ rẹ̀. Àrọ́pò rẹ̀ ni ètò mìíràn tí a fi sí ipò rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sàn ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ba iṣẹ́ tí a ti fi ti àtijọ́ ṣe jẹ́.

4DOS

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni 4DOS, tí Rex Conn àti Tom Rawson ti ilé-iṣẹ́ JP Software gbé jáde ní 1989. Norton Utilities náà lò ó, ó sì pè é ní NDOS. Ìlà àṣẹ nínú COMMAND.COM kò lè kọjá àmì 127. 4DOS gbà tó 255. Ó jẹ́ kí òǹlò fún àṣẹ gígùn ní orúkọ kúkúrú, kí ó sì kọ àlàyé sí fáìlì kọ̀ọ̀kan. COMMAND.COM a máa ka fáìlì BAT, èyí tí í ṣe àkójọ àṣẹ, ní ìlà kan lẹ́yìn òmíràn láti orí dísìkì. 4DOS ní tirẹ̀ a máa kó odindi fáìlì BTM sínú ìrántí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí sì mú kí ó yára.

Ìṣòro ìbáramu

Ìbáramu yìí kò rí bákan náà níhà méjèèjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì BAT ń ṣiṣẹ́ lórí 4DOS, ṣùgbọ́n COMMAND.COM kò mọ BTM rárá. Níhà kejì pàápàá, àléébù wà: àmì ^ lè wà nínú orúkọ fáìlì lábẹ́ COMMAND.COM, ṣùgbọ́n 4DOS kà á sí ààlà láàárín àṣẹ méjì.

Ẹni tí ó ń kọ ètò fún ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní Accra, lórílẹ̀-èdè Ghánà, Herman Chinery-Hesse wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ SOFTtribe sílẹ̀ ní 1991, nígbà tí DOS ṣì gbilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà di olókìkí nítorí ètò tí ó lè fara da ìṣòro àyíká, irú bí iná mọ̀nàmọ́ná tí ń ṣe ségesège. Nínú irú àyíká bẹ́ẹ̀, bí àṣẹ tí ó yẹ kí ó ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó oṣù ní ìrọ̀lẹ́ bá wà nínú fáìlì BTM, kò ní ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí kò ní 4DOS. Bí iná bá wá lọ lójijì tí àkọsílẹ̀ sì bàjẹ́, kò sí ẹ̀dà tí wọn yóò padà sí.

Ọ̀nà mìíràn

FreeDOS, tí Jim Hall bẹ̀rẹ̀ ní 1994, fi ìbáramu ṣáájú. FreeCOM, olùtúmọ̀ àṣẹ rẹ̀, ń gbìyànjú láti ṣe bí COMMAND.COM ti ń ṣe. Irú ìṣòro kan náà yọjú lórí Linux ní 2006, nígbà tí Ubuntu 6.10 fi dash rọ́pò bash fún iṣẹ́ /bin/sh kí kọ̀ǹpútà lè tètè tan. Àwọn fáìlì àṣẹ tí ó gbára lé àfikún bash kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nítorí náà, àṣẹ tí gbogbo olùtúmọ̀ mọ̀ ni ó yẹ nínú fáìlì tí yóò dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Àfikún àrọ́pò dára fún ohun tí òǹlò ń tẹ̀ fúnra rẹ̀.