Bí Fóònù Bá Wọ Wáífáì Tí Kò Sì Rí Àdírẹ́sì Gbà



Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìsọlọ̀ ń mú wá sí ìpàdé lemọ́lemọ́, a sì rí i pé ó yẹ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ ní ojú ewé yìí. Èèyàn á ní Wáífáì nílé, dátà kò tíì tán, iná ráútà ń tàn, fóònù sì fi hàn pé òun ti wọlé. Síbẹ̀ kò sí ohun tí yóò ṣí. Nígbà mìíràn fóònù á dúró sórí "Obtaining IP address" títí yóò fi já bọ́. Ẹni tí ó ń lọ sí ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní lè fi àwòrán ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Télọ̀ tí ń retí ìwọ̀n aṣọ láti òkè òkun á jókòó lásán. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ráútà ti bàjẹ́, wọ́n á sì wá béèrè ẹ̀yáwó láti ra òmíràn. A kò lòdì sí ẹ̀yáwó, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa san èlé lórí ẹ̀rọ tí kò nílò, àdánù ni, pàápàá nígbà tí ẹ̀rọ tuntun náà yóò tún bá ìṣòro kan náà pàdé nínú ilé kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wọ ẹgbẹ́, akọ̀wé á fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yìí ni a sì fi ń mọ ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá san owó láìsí nọ́ńbà, akápò kò ní mọ ìwé tí òun yóò kọ ọ́ sí. Bí ẹni méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan, owó ọ̀kan yóò bọ́ sínú ìwé èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ilé tí ó ní Wáífáì. Ráútà ni akọ̀wé. Gbogbo fóònù, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní àdírẹ́sì IP, irú bíi 192.168.1.104. Password tí ẹ tẹ̀, ìlẹ̀kùn lásán ni ó ṣí. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà, kò sí iṣẹ́ tí a rán tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Nọ́ńbà ẹgbẹ́, tiyín ni títí. Àdírẹ́sì ráútà, àyálò ni. Ó ní gbèdéke, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 24 ní ọ̀pọ̀ ráútà ilé. Nígbà tí ìdajì àkókò náà bá kọjá, fóònù fúnra rẹ̀ á padà lọ bẹ ráútà pé kí ó bá òun sún ọjọ́ síwájú. Bí gbèdéke bá pé tí kò rí èsì, ó gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ nọ́ńbà náà. Ètò yíyá nọ́ńbà yìí ni à ń pè ní DHCP. Ralph Droms ti Yunifásítì Bucknell ní Amẹ́ríkà ni ó kọ ìwé ìlànà rẹ̀, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, tí a sì tún ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1997. Ẹni tí ó bá mọ ètò ẹ̀yáwó kò ní pẹ́ mọ ibi tí ètò yìí ti lè wọ́.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, iná mànàmáná ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Nígbà tí NÉPÀ bá mú iná lọ (orúkọ àtijọ́ náà kò kúrò lẹ́nu wa), ráútà á kú, ṣùgbọ́n fóònù wà láàyè nítorí bátìrì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n yá ní nọ́ńbà. Bí iná bá dé, ó jí bí akọ̀wé tí ìwé rẹ̀ ti jóná. Kọ̀ǹpútà ọmọ kọ́kọ́ dé, ó ní kí a yá òun ní nọ́ńbà. Ráútà wo ìwé rẹ̀, ó ṣófo, ó sì yá a ní 192.168.1.104. Fóònù bàbá náà dé, ó mú 104 àtijọ́ lọ́wọ́, ó ní tòun ni. Ráútà lè kọ̀ fún un, ó sì lè dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, fóònù náà á máa dúró, tàbí kí àwọn méjèèjì máa jẹ́ nọ́ńbà kan, kí ti ọ̀kan máa lọ kí ti èkejì máa dúró. Ní ilé tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà mẹ́rin lójúmọ́, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń gba ipò rẹ̀, ẹ wo iye ìgbà tí ìwé yìí ń jóná.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí iná bá dé, ẹ fún ráútà ní ìṣẹ́jú méjì kí ó jí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa Wáífáì lórí fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún un tàn, kí ó lè lọ béèrè nọ́ńbà lákọ̀tun. Èyí tí kò bá gbọ́, ẹ tẹ orúkọ Wáífáì náà nínú Settings, ẹ yan "Forget", kí ẹ sì tún password tẹ̀. Bátìrì kékeré tí a fi ń gbé ráútà ró nígbà tí iná bá lọ tún dára, ó sì wúlò ju ráútà tuntun lọ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Nígbà mìíràn nọ́ńbà ni ó tán. Àwọn MiFi kékeré tí ń lo káàdì SIM, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà ju ẹ̀rọ 10 lọ. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, tí ìdílé mẹ́ta jọ ń dá owó dátà, fóònù nìkan ti lé ní 10 kí a tó ka tẹlifíṣọ̀n. Ráútà tí ó tóbi lè ní láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.149, èyí ni 50. Bí ẹ bá ṣe ìkómọ ní ọjọ́ Sátidé, tí àlejò 40 sì gba password, àlejò á lọ, àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n gbà kò ní padà títí gbèdéke yóò fi pé ní ọjọ́ kejì. Ẹ lè dín gbèdéke kù sí wákàtí 2, tàbí kí ẹ fẹ iye nọ́ńbà náà sí i, kí ẹ sì yí password padà lẹ́yìn ìnáwó. Ojú ewé ráútà ni a ti ń ṣe é. Ẹ tẹ nọ́ńbà tí a kọ sí abẹ́ ráútà sínú ẹ̀rọ aṣàwákiri bíi Chrome. 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 ni ó sábà máa ń jẹ́.

Èyí tí ó le jù láti rí fín ni ti akọ̀wé méjì. Ẹnìkan fẹ́ kí Wáífáì dé yàrá ẹ̀yìn, ó mú ráútà àtijọ́ kan, ó fi wáyà so ó mọ́ èyí tí ó wà ní pálọ̀. Báyìí, ráútà méjèèjì ń yá nọ́ńbà nínú ilé kan. Fóònù tí ó bá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ti ẹ̀yìn yóò gbọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà òde wà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọ̀nà òde kankan. Ohun tí ẹ ó máa rí ni pé fóònù ìyá ń ṣiṣẹ́ lónìí, ti ọmọ kò ṣiṣẹ́. Lọ́la á yí padà. Ẹ wo ibi tí a kọ "Gateway" tàbí "Router" sí lórí àwọn fóònù náà: bí ọ̀kan bá ń sọ 192.168.1.1 tí èkejì ń sọ 192.168.0.1, ẹ ti mú olè. Ẹ wọ ojú ewé ráútà kejì, ẹ fún un ní 192.168.1.2, ẹ pa DHCP rẹ̀, kí wáyà sì wà ní ihò LAN, kì í ṣe WAN.

Kámẹ́rà ìṣọ́lé náà a máa dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹni tí ó wá gbé e kọ́ lè ti fi ọwọ́ kọ 192.168.1.105 fún un láìsọ fún ráútà, ráútà á sì tún yá ẹlòmíràn ní 105. Kí a gbé kámẹ́rà lọ sí nọ́ńbà tí ráútà kì í yáni, bíi 192.168.1.20, ó parí.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ẹ ń lò, tí ẹ sì rí àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ mọ̀ pé ráútà kò dá a lóhùn rárá. Ó fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà ni. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ní nọ́ńbà tí ó péye, tí ojú ewé ráútà sì ṣí, tí ìta nìkan ni kò lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, títí kan àwọn báǹkì. Ráútà wo ni à bá rà tí ì bá tún ìyẹn ṣe?

Ẹ ṣọ́ra fún ihò kékeré tí a ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lẹ́yìn ráútà. Pípa ráútà kí a sì tún un tàn yàtọ̀ sí títẹ ihò náà, nítorí ihò náà á pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́, títí kan orúkọ àti password Wáífáì yín. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún títẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún gba òmíràn láti tún ètò náà tò.

Ẹni tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ó ti yọ ráútà kejì kúrò, tí ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo mọ́ ráútà rẹ̀, tí ó ń rí 169.254 síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti pa á tí ó sì tún un tàn, ráútà onítọ̀hún lè ti bàjẹ́ lóòótọ́. Kí ó mú un wá sí ìpàdé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rẹ̀.