Ooru Ańpílífáyà Nínú Yàrá Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́rin wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Nǹkan wẹ́wẹ́ pupa ti sú bo ọrùn, abíyá àti ẹ̀yìn ọmọ náà, ẹkún ni ó sì ń sun ní gbogbo òru. Kò ní ibà. Mo tọ́jú rẹ̀, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kẹfà wọ́n tún dé. "Nọ́ọ̀sì, bákan náà ni o, mà." Mo bi í léèrè ibi tí ọmọ ń sùn. Ó ní yàrá kékeré ẹ̀yìn pálọ̀ ni, níbi tí bàbá ọmọ gbé ańpílífáyà rẹ̀ sí kí àwọn ọmọ yòókù má baà máa fọwọ́ kàn án. Àwọn sípíkà wà ní pálọ̀. Fèrèsé yàrá náà sì wà ní títì nítorí ẹ̀fọn.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, mo gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ náà. Kíá ni mo gbé e kúrò.

Iṣẹ́ ańpílífáyà ni kí ó fi agbára iná sọ ohùn kékeré di ńlá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iná tí ó ń gbé ni ó ń fi ránṣẹ́ sí sípíkà. Nínú ọ̀pọ̀ irú èyí tí a ti mọ̀ tipẹ́, bí a bá ń gbọ́ orin níwọ̀nba, ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀, ni ó ń dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Ìyókù di ooru. Àwọn tuntun tí wọ́n ń pè ní Class D kì í fi iná ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ní gílóòbù tí ń pọ́n nínú ni ó ń gbóná jù, àwọn olówó ni ó sì ń wá wọn kiri!

Bàbá ọmọ kò gbà. Ó ní ohun tí kì í ṣe sítóòfù kò lè mú yàrá gbóná. Mo ní ẹ jẹ́ kí a bi mítà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pa fíríìjì, fáànù àti gbogbo iná ilé, ó ku ańpílífáyà nìkan, pẹ̀lú orin, fún wákàtí 4. Owó iná inú mítà dín ní 0.60 yúníìtì. Yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Nítorí náà 600 ni, a pín in sí 4, ó di 150 wáàtì. Bí a bá yọ nǹkan bí 30 tí ó lọ sí sípíkà ní pálọ̀, 120 ni ó kù sínú yàrá ọmọ. (Bí sípíkà bá wà nínú yàrá kan náà, ẹ má yọ ọ́, nítorí ooru ni òun náà ń dà níkẹyìn.) Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ooru ara rẹ̀ tó bí 100 wáàtì. Ó lé díẹ̀ ju ìgbà tí àgbàlagbà kan jókòó ti ọmọ náà nínú yàrá tí a tì pa.

Ọjọ́ kejì ni ẹnu yà á. Wọ́n dá orin dúró, wọn kò pa ẹ̀rọ. Ní wákàtí 4, mítà dín ní 0.20: 50 wáàtì, láìsí orin kankan! Títí ilẹ̀ fi ń mọ́ ni ó sì ti ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa pa á láti ara ògiri. Ẹ má tẹ́ aṣọ léésì sórí rẹ̀, ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí ooru bá sú lára, ẹ fi omi tí kò gbóná wẹ̀ ẹ́, ẹ nu ìpàdé ara rẹ̀ gbẹ, ẹ wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un, ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì kí fèrèsé lè wà ní ṣíṣí. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni kí ẹ máa fún un léraléra, kì í ṣe omi. Bí ó bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀rọ̀, tàbí tí ó gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí irin ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá jó ọmọ lọ́wọ́, ẹ gbé ọwọ́ náà sábẹ́ omi tútù tí ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Ẹ̀rọ náà ti wà ní pálọ̀ báyìí, lórí pẹpẹ gíga tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò tó, ara ọmọ náà sì ti dán.