Ìwé tẹ́ ẹ rà sórí fóònù lè pòórá o

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka ìwé lórí fóònù ló rò pé báwọn bá ti sanwó, ìwé ti di tàwọn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dún 2019, Microsoft ti ṣọ́ọ̀bù ìwé ẹ̀ pa. Wọ́n dá owó padà fáwọn oníbàárà, àmọ́ gbogbo ìwé tí wọ́n rà níbẹ̀ ni ò ṣeé ṣí mọ́.

Ẹ yáa ní ibì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń kó ìwé yín sí, kó sì jẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Calibre, tí Kovid Goyal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, wúlò fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Á to ìwé yín lórúkọ òǹkọ̀wé, ẹ ó sì fi wáyà kó wọn sórí Kindle. Àmọ́ ìwé tí ṣọ́ọ̀bù bá fi kọ́kọ́rọ́ tì, kò lè ṣí i.

Ojú ìwé tẹ́ ẹ kà dé ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ fi wáyà kó sórí Kindle kì í mọ ibi tẹ́ ẹ dé lórí fóònù. “Send to Kindle” ti Amazon ni kẹ́ ẹ fi fi í ránṣẹ́. Látọdún 2022 ló ti ń gba EPUB. Ó ń jẹ dátà ṣá.

Kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sórí fíláàṣì. Ẹ má kó fíláàṣì yẹn sínú báàgì kọ̀ǹpútà o, olè tó bá gbé báàgì lọ ò ní yọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.