Títí láé, láéláé, gbére

Lónìí, a ó ka àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìgbà tí kò lópin.

"Títí láé" ń wo iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òní, kò sì ní òpin. "Títí ayé" jọ ọ́.

"Láéláé" ní ojú méjì. Bí a bá ní, "N kò ní jalè láéláé," iwájú ni a ń wò. Ṣùgbọ́n "ìgbà láéláé" ni ìgbà àwọn baba ńlá wa: ẹ̀yìn ni ó ń wò.

"Gbére" náà kò lópin. Ẹni tí a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún, a kò dá ọjọ́ tí yóò jáde.

Ìyá lè bínú sí ọmọ, kí ó ní, "N kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pè é wá jẹun. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kọ sínú ìwé kì í tutù bí ìbínú.

Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ yá òun ní ilẹ̀ dá oko, tí ó sì mú ìwé wá, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ka. "Fún ọdún 3" yàtọ̀ sí "títí láé". Bí ẹ bá rí "mo tà á", títí láé ni, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti Faransé, kí ẹni tí ẹ fọkàn tán kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ ilé: ẹ kọ "títí láé" àti "fún ọdún 3", kí ẹ sì kà wọ́n sókè.