Ọwọ́ Tí Ń Lù, Orúkọ Tí A Kò Pè

Bí òde bá dùn, olórin ni gbogbo ènìyàn ń wò, òun náà ni a sì ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ẹni tí ó gbẹ́ igi, tí ó fi awọ bò ó di ìlù, ilé rẹ̀ ni ó jókòó sí, kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó ti jẹun. Àwa kò sọ èyí láti bá àwọn olórin jà. Ìtàn ọkùnrin kan ará Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó mú wa sọ ọ́, a sì rò pé ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa gbọ́ ọ, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ mọ bí ó ti rí kí ènìyàn kọ́ ọmọ títí ọmọ náà fi di ẹni ńlá, kí aráyé má sì rántí ẹni tí ó kọ́ ọ ní A B D.

James Dewitt Yancey ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1974 ni a bí i. Àwọn tí ó fẹ́ràn orin hip hop kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí Jay Dee, lẹ́yìn náà wọ́n mọ̀ ọ́n sí J Dilla. Ní nǹkan bí ọdún 2001 ni ó yí orúkọ náà padà, nítorí pé ẹlòmíràn tí ó jẹ́ olókìkí nínú iṣẹ́ kan náà, Jermaine Dupri, ni àwọn ènìyàn ti ń pè ní JD. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń jó sí tún ní láti wá orúkọ mìíràn kí a tó lè mọ̀ pé òun ni.

Orin kì í ṣe àjèjì nílé wọn. Bàbá rẹ̀ ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ìyá rẹ̀ a sì máa kọrin. Ìlú tí wọ́n ń gbé, ìlú àwọn tí ń ṣe mọ́tò ni, níbẹ̀ sì ni Berry Gordy ti dá ilé-iṣẹ́ Motown sílẹ̀ ní ọdún 1959. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1972 Motown kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Los Angeles. Nígbà tí a fi máa bí ọmọ yìí, àwo orin nìkan ni ó ṣẹ́kù fún àwọn ará Detroit. Àwọn tí ó ṣe wọ́n ti lọ.

Nínú àwo orin wọ̀nyí ni ó sì ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ DJ, èyíinì ni kí ènìyàn mọ àwo tí yóò yàn àti ibi tí yóò gbé abẹ́rẹ́ lé, ni gbòǹgbò ohun gbogbo nínú hip hop. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pershing ni ó ti bá àwọn ọ̀rẹ́ méjì pàdé, T3 àti Baatin, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá ẹgbẹ́ Slum Village sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn án gan-an ni Joseph Fiddler, tí a ń pè ní Amp Fiddler, ẹni tí ó ti bá George Clinton tẹ dùùrù. Ọkùnrin yìí gba ọmọ àdúgbò náà sí ilé rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ Akai MPC hàn án, ó sì jẹ́ kí ó máa lò ó. Ní ọdún 1994, òun kan náà ni ó mú un lọ sọ́dọ̀ Q-Tip, olórin ẹgbẹ́ A Tribe Called Quest. Fiddler kú ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2023. Bí a bá ń ka àwọn olùkọ́ rere, ẹ jẹ́ kí á kà á mọ́ wọn, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé. Ó ṣe fún The Pharcyde ní ọdún 1995, ó ṣe fún De La Soul ní ọdún 1996, ó ṣe fún Erykah Badu ní ọdún 2000. Òun, Q-Tip àti Ali Shaheed Muhammad para pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, The Ummah, ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí àárin wa mọ̀ dáadáa. Orúkọ rere ni, ìfẹ́ ni ó sì bí i. Síbẹ̀síbẹ̀, orúkọ àpapọ̀ bò ó mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra àwo náà kò mọ ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ó ṣe gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń yìn ín láìmọ ìdí. Ẹ̀rọ MPC yìí, tí ènìyàn ń fi ìka lù bí ìlù kékeré, ní ohun kan nínú tí ń tọ́ ìlù sọ́nà: bí ọwọ́ bá yá jù, tàbí tí ó bá falẹ̀ jù, ẹ̀rọ náà yóò fà á bọ̀ sójú ìlà. Orin tí a bá ṣe báyìí a máa gún bí ẹsẹ̀ sọ́jà lórí pápá. Yancey kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ìlù kan dé díẹ̀ ṣáájú àkókò, kí òmíràn falẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ̀kẹta sì dúró gírí. Àwọn kan a máa sọ pé ṣe ni ó kàn pa apá tí ń tọ́ ìlù náà, tí ó sì ń lù ú bí ọwọ́ bá ti mú un. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Dan Charnas, tí ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 2022, fi hàn pé ṣe ni ó ń mọ̀ọ́mọ̀ lo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ láti ti ìlù kọ̀ọ̀kan síwájú tàbí sẹ́yìn, ní ìwọ̀n tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá. Questlove, onílù ẹgbẹ́ The Roots, ròyìn pé nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ọdún 1995, ó dà bí ẹni pé ọmọdé tí ó mutí yó ni ó ń lu ìlù náà. Kò pẹ́ tí òun àti àwọn onílù mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọn yóò ti máa lù bíi tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ dùndún kò ní ṣe háà. Gúdúgúdú a dúró sójú kan. Ìyáàlù a lọ, a bọ̀, kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n àwa kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni Yancey ti kọ́ ọ. A kò fẹ́ràn àṣà àwọn tí ń sọ gbogbo ohun rere ayé di ti Yorùbá. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni èyí: nínú àwo Common tí ó jáde ní ọdún 2000, Like Water for Chocolate, èyí tí Yancey ṣe púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, orin kan wà tí wọ́n fi bọlá fún Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ẹni tí ó ti kú ní ọdún 1997, Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ó kópa nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà kan yóò bi wá pé: ṣé kì í ṣe olè ni ẹni tí ń gé orin olórin mìíràn láti fi ṣe tirẹ̀? Ìbéèrè tí ó yẹ ni. Ìdáhùn wa ni pé kí a sanwó fún ẹni tí ó ni orin, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀, a kò sì ní díbọ́n pé gbogbo oníṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni gbé àwo kan, kí ó gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó sì tò ó títí yóò fi di orin mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Kò ní pẹ́ kí ó tó bẹ̀bẹ̀.

Yancey pẹ̀lú ń kọ orin ráàpù. Ilé-iṣẹ́ MCA gbà á ní akọrin, ó sì ṣe àwo kan fún wọn, nínú èyí tí ó ti kọrin lórí ìlù àwọn ẹlòmíràn. Àwọn aláṣẹ kò gbé e jáde. Ó bínú, ó sì gbé Ruff Draft jáde ní ọdún 2003 láìsí ọwọ́ wọn. Àwo MCA náà kò rí ojú ọjọ́ títí di ọdún 2016, nígbà tí wọ́n pè é ní The Diary, ẹni tí ó ṣe é kò sì sí láyé mọ́.

Àìsàn ni ó dé. Àrùn ẹ̀jẹ̀ kan tí ó ṣọ̀wọ́n, àti èyí tí a ń pè ní lupus, dìde sí i, kíndìnrín rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣí lọ sí Los Angeles ní ọdún 2004, ìyá rẹ̀, Maureen, tẹ̀ lé e lọ láti tọ́jú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2005, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó jókòó sí tí ó fi ṣeré fún àwọn ará Yúróòpù. Àwọn ènìyàn ń sọ pé orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó ti ṣe gbogbo àwo rẹ̀ tí a ń pè ní Donuts. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ pátápátá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti ṣe nílé ṣáájú. Òótọ́ ni pé wọ́n gbé ẹ̀rọ àti àwo wá bá a ní ilé ìwòsàn, òótọ́ sì ni pé ìyá rẹ̀ ń bá a ra ọ̀wọ́ ìka rẹ̀ tí ó wú kí ó bàa lè ṣiṣẹ́. Donuts jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2006, ọjọ́ tí ó pé ọdún 32. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni gbogbo ayé wá mọ orúkọ náà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Gbèsè wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ni ó fi sílẹ̀. Ta ni ó ní àṣẹ láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ta ni ó sì lè ta aṣọ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ogún di ọ̀rọ̀ lọ́yà, títí ó fi di pé ìyá tí ó bí i pàápàá kò lè lo orúkọ ọmọ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ ń ṣe àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu ìrántí lọ́dọọdún ní oṣù Fẹ́búárì; àwọn ará Montpellier ní ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà kan ní ìlú wọn.

Ìyá náà kò ta ẹ̀rọ MPC ọmọ rẹ̀. Ó fi í ta ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ènìyàn dúdú ní Washington lọ́rẹ ní ọdún 2014, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ilé náà tán. Ọdún 2016 ni a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún aráyé, ọdún kan náà tí àwo tí MCA pamọ́ fi jáde.